Ilẹ̀kùn tí Òkun Kò Rí Gbé

Òórùn bẹntiróòlù àti edé yíyan ló máa ń kọ́kọ́ kí èèyàn ní èbúté Igbókòdá, kí ẹnikẹ́ni tó lanu. Ibẹ̀ ni mo ti rí òǹkọ̀wé náà, lásìkò tí irun orí mi ṣì dúdú, tí ẹ́ńjìnì mi sì jẹ́ ọba gbogbo ẹ́ńjìnì. Ọ̀rẹ́ mi, ìwọ náà wà níbẹ̀ nígbà yẹn, o ò lè sọ pé mò ń purọ́: ta ló tó mi í tukọ̀ láti Igbókòdá dé etí òkun? Kíláàsì kẹta ni mo ti kí ilé ìwé pé ó dìgbóṣe, ṣùgbọ́n fi mí sójú omi nínú kùrukùru, kí o wá wo ọ̀mọ̀wé.

Obìnrin náà wọ ṣòkòtò, ó gbé báàgì kékeré kọ́ èjìká, ó dúró ń wo gbogbo wa bí ẹni tó fẹ́ ra ẹja tí kò fẹ́ kí wọ́n rẹ́ òun jẹ. Ó bèèrè ẹni tó mọ Awoye dáadáa nínú wa. Mo ti àwọn yòókù sẹ́yìn. Mo ní, “Àǹtí, ẹ má wulẹ̀ bi wọ́n. Awoye gan-an ló mọ̀ mí.”

Ó rẹ́rìn-ín. “Ẹnu rẹ yìí, ṣé ó máa ń sinmi?”

“Tí ọkọ̀ bá ti gbéra, ẹ́ńjìnì á gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.”

A ò tíì rìn jìnnà tó fi sọ ohun tó ń wá. Awoye ni wọ́n bí i sí. Ó ṣì kéré nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, tí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin sì mú un lọ sí Oǹdó kó lè kàwé. Ìyá rẹ̀ ṣèlérí pé òun á máa wá wò ó, kò wá. Nígbà tó fi máa dàgbà, wọ́n ní ìyá ti kú. Ó ti kọ ìwé rí, ṣùgbọ́n èyí tó ń kọ lọ́wọ́ yìí, ìtàn ọmọ tí ìyá rẹ̀ ò wá wò ni, ó sì ti dúró sójú kan. “Ìparí rẹ̀ ni mi ò rí,” ó wí. “Mi ò mọ̀ bóyá kí ọmọ náà dárí ji ìyá rẹ̀ tàbí kó má dárí jì í.” Ó fẹ́ fi ẹsẹ̀ tẹ ibi tí ilé wọn wà, bóyá ìparí á bá a níbẹ̀. Kò yé mi nígbà náà. Mo rò pé orí ni ìwé ti ń jáde, bí ẹyin ṣe ń jáde lára adìyẹ, kò sì kan ilé ẹnikẹ́ni.

Nígbà tá a dé Awoye, ó nawọ́ sí ibi tó rántí. Omi ni. Ìgbì ń yí lórí ìgbì, kò sí òpó, kò sí igi, ẹyẹ omi kan ṣoṣo ló ń fò kọjá. Ó jókòó wọ̀ọ̀ sínú ọkọ̀. Nígbà tó yá, ó ní, “Bí mo ṣe máa parí rẹ̀ nìyẹn. Òkun jẹ ilé, òkun jẹ ìyá, ó tán. Yí ọkọ̀ padà.”

Mo pòṣé, mi ò purọ́ fún ọ. Òkè ló ti dàgbà, lórí ilẹ̀ gbígbẹ, níbi tí ilé ti ń wó síbi tí wọ́n bá kọ́ ọ sí. Tiwa kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Tí òkun bá ti ń sún mọ́ wa, a ó tú pákó ilé wa lọ́kọ̀ọ̀kan, a ó kó o sínú ọkọ̀, a ó lọ kàn án sẹ́yìn. Mo ní, “Àǹtí, ilé wa kì í dúró de òkun. Ilé a máa sá. Ẹ jẹ́ ká bèèrè ibi tí tiyín sá gbà.”

Àwọn apẹja tó ń tún àwọ̀n ṣe ló júwe ìyá arúgbó kan fún wa, tó máa ń yan ẹja pẹ̀lú ìyá òǹkọ̀wé náà láyé ọjọ́un. Ilé rẹ̀ wà lẹ́bàá odò, lórí òpó igi ẹ̀gbà tó máa ń hù létí omi. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń to ẹja sórí àgbàyan lókè iná, èéfín bo ojú rẹ̀.

Mo ní, “Ìyé, ẹ kú iṣẹ́ o. Àlejò ni mo mú wá.”

“Ṣé o ti bu owó tó pọ̀ lé e? Mo mọ̀ ẹ́.”

Òǹkọ̀wé náà kúnlẹ̀, ó sọ orúkọ ìyá rẹ̀. Ọwọ́ ìyá arúgbó dúró lórí ẹja. “Ìwọ lo pẹ́ tó báyìí? Ìyá rẹ wá ọ dé Oǹdó. Wọ́n ní wọ́n ti kó ọ lọ sí Èkó. Ta ló mọ̀ l'Ékòó? Ó padà wálé, ó ní o ń bọ̀. A rò pé orí rẹ̀ ti dàrú.”

Ó wá fọwọ́ gbá ilẹ̀kùn tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ilẹ̀kùn àtijọ́ ni, ọ̀dà aró ara rẹ̀ ti ṣí kù díẹ̀. “Ilé rẹ nìyí, èmi ni mo ń tọ́jú rẹ̀ látìgbà tí ìyá rẹ ti kú. Gbogbo ìgbà tá a bá ń tú u, ìyá rẹ kì í jẹ́ ká gbé pákó kankan ṣáájú ilẹ̀kùn yìí. Ó ní tí ọmọ òun bá dé, kò ní dá ilẹ̀ mọ̀, kò ní dá èèyàn mọ̀, ilẹ̀kùn ló máa dá mọ̀.”

Ojú kókó igi kan ti jábọ́ nísàlẹ̀ ilẹ̀kùn náà, ó ku ihò róbótó níbi tí ojú ọmọdé lè dé. Òǹkọ̀wé náà, t'òun ti àgbà rẹ̀, fi orúnkún wọ́ lọ síbẹ̀, ó ti ìka rẹ̀ bọ ihò náà, ó sì fi iwájú orí ti pákó. Èmi tí ẹnu mi kì í sinmi, ẹja ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá ìyá arúgbó yí lórí iná.

Ìwé náà jáde. Àwọn ọmọ iléèwé ń kà á, àwọn olùkọ́ wọn sì ń sọ pé ọmọ-ọmọ wa á ṣì máa kà á. Ìyàwó mi tó kàwé jù mí lọ ló kà á sí mi létí, bá a ṣe ń jẹ púpurú. Ọlọ́kọ̀ kan wà nínú rẹ̀, kúkúrú, tí ẹnu rẹ̀ ń ró bí ẹ́ńjìnì.

“Kúkúrú kẹ̀?” mo ní. “Èmi?”

“Bàbá àwọn ọmọ, ó ní ẹnu rẹ̀ ń ró. Ẹ jẹ́ ká mú ìyẹn ná.”

Kò burú. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kó yé ọ pé láìsí èmi, inú omi ni ìwé yẹn ì bá parí sí.

Ìparí gan-an ló bí mi nínú. Nínú ìwé, ìyá ṣì wà láàyè. Ọmọ kan ilẹ̀kùn, ìyá ló ṣí i. Mo pè é lórí fóònù lójú ẹsẹ̀. “Àǹtí, ẹ ti ṣì í kọ o. Ìyá yín ti lọ ká tó débẹ̀, èmi ni ẹlẹ́rìí.”

Ó ní, “Àbúrò mi, mo mọ̀. Mo fẹ́ kó ṣí i fún mi ni.”

Láti ọjọ́ náà, tí mo bá gbọ́ tí ẹnì kan ní irọ́ ni wọ́n ń kọ sínú ìwé ìtàn, èmi tí mo ka kíláàsì kẹta ni mo máa ń dá a lóhùn. Mo máa ń sọ fún un pé ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí ló dùn jù nínú ìwé náà. Mo wà níbẹ̀, mo fojú mi rí i pé kò ṣẹlẹ̀, mo sì gbà pé òótọ́ ni.