Ọjọ́ tí Bàbá Kúnlẹ̀ Létí Odò

Láti ìdájí ni mo ti jí lọ́jọ́ yẹn, inú mi ń dùn ṣìnkìn. Èmi tí wọ́n bí n'Ìbàdàn, tó jẹ́ pé inú páálí ni mo ti mọ ẹja, tó ti dì gbagidi, èmi náà fẹ́ lọ fi ìwọ̀ fa ẹja jáde nínú odò lórí òkè Wicklow nílẹ̀ Ireland! Mo po tíì sínú fláàsì, mo dín dòdò, mo sì di ata gígún àti iyọ̀ sínú ọ̀rá kékeré kan. Ata yẹn ni mo fẹ́ fi yan ẹja. Ẹni tó bá lọ pẹja tí kò jẹ ẹja, kí ló lọ ṣe?

Bàbá tó ń gbé nílé tó tẹ̀ lé tiwa ní àdúgbò Lucan ni mo bá lọ. Òyìnbó Ireland ni wọ́n, wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, ṣùgbọ́n Bàbá ni mò ń pè wọ́n, Màmá ni mo sì ń pe ìyàwó wọn. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé àdúgbò, wọ́n ní kí n máa pe orúkọ àwọn. Orúkọ ẹni tó tó bàbá mi í bí? Ẹnu mi kọ̀ ọ́. Nígbà tó yá, àwọn náà gba kámú.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn kì í ṣe eré lọ́dọ̀ Bàbá. Láti kékeré ni wọ́n ti ń lọ sódò náà, ṣùgbọ́n orúnkún ti ń dà wọ́n láàmú, ọwọ́ wọn sì ti ń gbọ̀n. Lọ́dún náà gan-an, wọ́n ṣubú sínú omi, àwọn tó ń gun òkè ṣeré ló fà wọ́n jáde. Látìgbà yẹn ni Màmá ti fàáké kọ́rí. Màmá ní ẹ̀ẹ̀kan péré ló kù. Tí Bàbá bá lè pa ẹja kan láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbé wọn dúró, wọ́n á tún lọ lọ́dún tó ń bọ̀. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ọ̀pá ìpẹja ti di ti ọmọ àbúrò wọn nìyẹn. Torí pé nọ́ọ̀sì ni mí ni wọ́n ṣe ní kí n tẹ̀ lé wọn. Oṣù kẹsàn-án sì ti ń parí lọ. Tó bá parí, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ pẹja níbẹ̀ mọ́ títí òtútù á fi lọ.

Èmi ni mo wa mọ́tò. Bàbá kàn ń fi ìka lu itan wọn. A gbé mọ́tò sílẹ̀ níbi tí títì ti parí, a wá ń fẹsẹ̀ gun òkè lọ, kò sílé, kò sẹ́nìkan, àfi àgùntàn. Bẹ́ẹ̀ ni mo gbọ́ ìró omi. Odò náà kéré, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè fò ó, omi rẹ̀ sì pọ́n bíi tíì tí wọn ò bu mílíìkì sí. Bàbá rọra sọ fún mi pé tráútì ló wà níbẹ̀, ẹja tí ẹnikẹ́ni ò sìn, pé ojo ni.

Bí a ṣe sún mọ́ ibi tí omi ti jìn díẹ̀, Bàbá yíjú sí mi, wọ́n ju ọwọ́ sí mi, ni wọ́n bá kúnlẹ̀.

Mo ta gìrì. Kí àgbàlagbà kúnlẹ̀ níwájú èmi? Kí ni mo ṣe fún wọn? Mo sáré dì wọ́n mú lábíyá, mo ń pariwo pé, "Ẹ dìde, Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kúnlẹ̀ fún mi!"

Nǹkan dúdú kan já ṣòòrò nínú omi, ó lọ. Bàbá wo omi, wọ́n wo èmi náà. Wọ́n wá ṣàlàyé pé bí wọ́n ṣe ń pẹja lódò náà nìyẹn, orúnkún ni wọ́n fi ń lọ, kí ẹja má bàa rí òjìji èèyàn, pé èmi náà ni àwọn ń sọ fún kí n kúnlẹ̀. Ojú tì mí, ẹ̀rín sì ń pa mí. Mo ní nílé wa, èmi ló yẹ kí n kúnlẹ̀ fún wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn.

Àmọ́ ẹ̀rín yẹn ò pẹ́. A gun òkè síwájú, a dán ibòmíràn wò, ẹja ò dá wa lóhùn. Nígbà tí a dé ẹ̀yìn àpáta ńlá kan, a rí i tí ẹja ń yọ ẹnu jẹ kòkòrò. Bàbá fẹ́ kúnlẹ̀, orúnkún kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n tún gbìyànjú, wọ́n sì di ojú pọ̀. Mi ò rí ìbànújẹ́ lójú wọn báyẹn rí, ó sì dùn mí wọra. Mo kúnlẹ̀ níwájú wọn, mo fọwọ́ méjèèjì tilẹ̀, mo ní kí wọ́n fara ti ẹ̀yìn mi.

Wọ́n wúwo, àní wọ́n wúwo! Omi ń wọ inú ṣòkòtò mi, òkúta ń gún mi lórúnkún. Mi ò sì gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Èmi tí wọ́n máa ń gbọ́ ohùn mi láti òpin wọ́ọ̀dù! Wọ́n ju okùn, ó há sínú koríko. Wọ́n tún un jù. Kòkòrò tí wọ́n fi ìyẹ́ ṣe láti fi tan ẹja balẹ̀ sórí omi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Lójijì, omi là, okùn le, ọ̀pá tẹ̀, ọwọ́ Bàbá rọ̀ mọ́ èjìká mi. Ẹja ti gbé ìwọ̀ mì!

Ẹja náà kò ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ, ẹ gbà mí o. Ṣùgbọ́n mi ò tíì rí ẹja tó rẹwà tó bẹ́ẹ̀ rí, àmì pupa tò sí i lára wínníwínní. Bàbá fi ọwọ́ tó ń gbọ̀n yẹn dì í mú nínú omi, wọ́n yọ ìwọ̀ lẹ́nu rẹ̀, wọ́n sì jẹ́ kó lọ, wọ́n ní àwọn kì í gbé ẹja odò yẹn relé. Ó lọ! Mo rántí ata mi. Dòdò la fi jẹ ẹ́ lórí àpáta, kò sì burú.

Nínú mọ́tò, mo ti pinnu pé mi ò ní mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn mi fún Màmá. Ta ló mọ̀ pé Bàbá fúnra wọn ló máa sọ ọ́? Wọn ò tíì bọ́ bàtà tí wọ́n ti ń ròyìn: bí ẹja ṣe yọjú, bí okùn ṣe há, bí àwọn ṣe fara ti ẹ̀yìn mi. Ibẹ̀ ni wọ́n rántí àdéhùn tí Màmá bá wọn ṣe. Ẹnu wọn ṣì wà ní líla. Gbogbo ayọ̀ tó wà lójú wọn ṣá lójú mi, inú mi sì bàjẹ́ gan-an.

Màmá wo orúnkún ṣòkòtò mi tó kún fún ẹrẹ̀.

"Ṣé ẹ̀yìn ò dùn ọ́?"

"Kò dùn mí rárá, mà."

Irọ́ ni. Agbára káká ni mo fi dúró. Màmá wò mí títí, wọ́n wá gba ọ̀pá ìpẹja lọ́wọ́ Bàbá, wọ́n fi aṣọ nu omi ara rẹ̀, wọ́n sì gbé e kọ́ sára ògiri níbi tó ti máa ń dúró de ọdún tó ń bọ̀.