Ìlà Eérú Tí Fákúnlé Ta Kẹ́yìn

Fátókí Eléèkàn ló bí Ifábùnmi, Ifábùnmi ló sì bí Fákúnlé. Ìran mẹ́ta yìí ló fi okùn, èèkàn àti eérú pààlà fún àdúgbò wọn ní Ìlá Ọ̀ràngún, láti ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì fi téèpù onírin wọn ilẹ̀ níbẹ̀. Bí ọmọ ìyá méjì bá fẹ́ pín ilẹ̀, tàbí bí àdúgbò bá fẹ́ yí ojúde padà, Eléèkàn ni wọn yóò ránṣẹ́ sí. Yóò kan èèkàn, yóò fa okùn, yóò ki ọwọ́ bọ igbá eérú, yóò sì ta ìlà. Ọjọ́ márùn-ún ni eérú náà yóò fi wà nílẹ̀. Ẹni tó bá ní ẹjọ́, kó jáde lọ́sàn-án gangan, kó fi ẹsẹ̀ pa á rẹ́ lójú gbogbo ènìyàn. Ìgbìmọ̀ àdúgbò yóò sì jókòó lé ọ̀rọ̀ náà lákọ̀tun. Bí ọjọ́ karùn-ún bá parí tí ẹnikẹ́ni kò pa á rẹ́, ìlà ti di òfin nìyẹn.

Èèwọ̀ méjì ló dè é. Ẹni tó ta eérú àti ọmọ bíbí inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ pa á rẹ́, nítorí ọwọ́ tí ń pààlà kò gbọdọ̀ ṣe ojúsàájú. Ìlà tí afọ́jú bá sì ta, ìlà kọ́. Eérú lásán ni. Ifábùnmi kọ́ Fákúnlé ní èèwọ̀ méjèèjì kó tó kọ́ ọ bí a ti ń lọ́ okùn.

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni Fákúnlé nígbà tí ó gba igbá eérú lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, aláìlẹ́rìn-ín púpọ̀, ẹni tí kì í fi ẹmu kan ẹnu lọ́jọ́ tó bá máa kan èèkàn. Ìgbésẹ̀ rẹ̀ kì í gùn ju ara wọn, wọn kì í sì í kúrú ju ara wọn. Àwọn bíríkìlà a máa na téèpù tẹ̀ lé e lẹ́yìn láti fi dán an wò. Nígbà tó bá yá, wọn a ká téèpù wọn, wọn a dákẹ́. Adérónkẹ́ ìyàwó rẹ̀, ọmọ Ọ̀rà, nìkan ló ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Etí ojúde, níwájú ilé wọn, ni obìnrin náà máa ń jókòó sí, tí yóò máa bó ẹ̀gúsí.

“Bàbá Bọ́lánlé,” ni yóò wí, “ẹ mọ ààlà ilẹ̀ gbogbo ayé, ẹ ò mọ ibi tí ẹ bọ́ bàtà yín sí!”

Nígbà tí Adérónkẹ́ kú, ibi tó ti ń bó ẹ̀gúsí náà ni wọ́n sin ín sí, àwọn àgbà àdúgbò sì fọwọ́ sí i. Fákúnlé gbin pèrègún sí orí sàréè náà. Láti ìgbà náà, ní gbogbo àárọ̀, yóò jáde láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀, yóò gbé ẹsẹ̀ mọ́kànlélógún, yóò dúró, yóò kí i, yóò sì gbé ẹsẹ̀ mọ́kànlélógún padà.

Ọdún kẹta lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni ojú Fákúnlé bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Ó kọ́kọ́ dà bí ìkùukùu, nígbà tó yá kò rí nǹkan kan mọ́ àfi ìmọ́lẹ̀ oòrùn. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni àyàfi Bọ́lánlé, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, tó wà nílé ọkọ ní Ìresì. Ó ń fi kíka ẹsẹ̀ rìn, ó ń fi etí mọ ènìyàn. Ìlà méjì ló tilẹ̀ ta nínú òkùnkùn yẹn, tí ọwọ́ rẹ̀ ń tọ okùn lọ, wọ́n sì gún bí ọ̀pá. Ó gbà pé àṣírí òun bò.

Nígbà tí Ìgbìmọ̀ Àtúnṣe Ojúde bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọdún mẹ́ta ti kọjá tí ẹnikẹ́ni kò ránṣẹ́ sí Eléèkàn mọ́. Olóyè Mobọ́lájí, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ni alága ìgbìmọ̀ náà. Gbénga, ọ̀dọ́kùnrin tó mọ ilé yà, ló ya àwòrán ojúde tuntun fún wọn: kànga ẹ̀rọ láàárín, ìjókòó lábẹ́ òrùlé, íńtálọ́ọ̀kì nílẹ̀, iná lórí òpó, àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ìlú. Ọ̀rọ̀ ìjókòó kò gbà wọ́n ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Iwájú ilé rẹ̀ ni oníkálùkù fẹ́ kí wọ́n gbé e sí. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gba ìpàdé mẹ́ta. Ẹ̀bá ilé Mobọ́lájí ni Gbénga kọ́kọ́ yà á sí, wọ́n ní kó lọ tún un yà. Ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ilé Àdùnní, aládùúgbò wọn, obìnrin náà fọ́n igbe bí ẹni tí wọ́n jí ọmọ rẹ̀ gbé. Ní ìpàdé kẹta, Mobọ́lájí fi ìka tẹ ibì kan lórí àwòrán, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Eléèkàn ni kí ó wá ta eérú yìí.” Àwọn tó gbọ́n níbẹ̀ bá a rẹ́rìn-ín.

Ìresì ni Fákúnlé wà ní ọ̀sẹ̀ náà, lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀. Nígbà tó fi máa dé, katakata ti tẹ́ gbogbo ojúde, igi, òkìtì àti pèrègún, ó ti dọ́gba pẹrẹsẹ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó dé gan-an ni wọ́n gbé obì wá bá a.

“Bàbá Eléèkàn,” ni Mobọ́lájí wí, “àwọn ọmọ ìsinsìnyí ní téèpù, wọn ò ní ọwọ́. Ẹ̀yin la fẹ́.”

Inú Fákúnlé dùn dé ibi pé omi bọ́ lójú tí kò ríran mọ́. Lọ́jọ́ kejì, ó wọ dàńṣíkí bàbá rẹ̀, ó gbé igbá, ó sì yà sí ìdí òkúta ẹnu ọ̀nà rẹ̀, níbi tí àwọn Eléèkàn ti máa ń bẹ̀rẹ̀ kíkà láti ayébáyé.

“Rárá o, Bàbá. Ìdí kànga tuntun lẹ ó ti bẹ̀rẹ̀. Ayé ti yí,” ni Mobọ́lájí wí.

Fákúnlé dúró. Kò mọ ibi tí wọ́n gbẹ́ kànga náà sí. Bí ó bá béèrè, wọn yóò mọ̀ pé kò ríran. Kò béèrè. Ó na ọwọ́ fún Gbénga bí àgbà tó kàn ń wá ẹni tí yóò bá òun gbé igbá, ọmọ náà sì mú un yípo yípo dé ìdí kànga. Wọ́n ń pe iye ẹsẹ̀, ó ń kà á. Ó kan èèkàn mẹ́rin, ó fa okùn, ó ta eérú.

“Kí là ń kọ́ síbí, Olóyè?”

“Ohun tí tọmọdé tàgbà yóò máa wá jókòó lé ni, Bàbá.” Ẹ̀rín bú.

Nígbà tí wọ́n tú ká, Fákúnlé dúró sí àárín èèkàn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó tẹ́tí sí ariwo ẹ̀rọ tí ń lọ ata lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé rẹ̀, ó kọjú sí i, ó sì ń ka ẹsẹ̀ lọ sílé. Ní orí ìkọkànlélógún, ọwọ́ rẹ̀ kan òpó ilẹ̀kùn.

Ó dì í mú títí. Lẹ́yìn náà ó yí padà, ó ka mọ́kànlélógún, ó kúnlẹ̀, ó ń fi ọwọ́ tu ilẹ̀. Kùkùté pèrègún tí irin gé wà níbẹ̀ láàárín eérú.

Àdùnní ló ń kọjá lọ pẹ̀lú korobá omi.

“Àdùnní, kí ni wọ́n fẹ́ kọ́ síbí?”

“Ẹ tún ń bi mí? Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni. Ibi ṣálángá gan-an lẹ kúnlẹ̀ sí yẹn.”

“Bá mi pa á rẹ́. Mo bẹ̀ ọ́. Èmi ni mo ta ààlà ilé rẹ nígbà tí ẹbí ọkọ rẹ fẹ́ gbà á.”

“Mo dúpẹ́ nígbà yẹn, mo tún dúpẹ́. Bí mo bá pa á rẹ́, ojú fèrèsé mi ló kàn. Òkú kì í gbóòórùn, Bàbá. Èmi ń gbóòórùn.” Ó gbé korobá rẹ̀ lọ.

Ilé mẹ́jọ ló lọ ní ọjọ́ mẹ́ta. Àwọn kan fún un ní ìjókòó, àwọn kan ò fún un. Ìdáhùn wọn kò yàtọ̀ sí ti Àdùnní, àfi pé àwọn ọkùnrin máa ń fi àdúrà parí tiwọn. Ó pe Bọ́lánlé lórí fóònù; ní ọjọ́ kẹrin, ọ̀kadà gbé e dé láti Ìresì.

“Bàbá mi, ẹ sọ òtítọ́ fún wọn,” ni Bọ́lánlé wí. “Ìlà afọ́jú, ìlà kọ́. Ẹnu yín lẹ fi kọ́ mi.”

“Ìlà méjì tí mo ti ta ńkọ́? Àwọn tó ti kọ́lé sí i ńkọ́? Orúkọ bàbá mi ńkọ́?”

“Ìyá mi ńkọ́?”

Ní ọjọ́ karùn-ún, lójú ọ̀sán, nígbà tí ìgbìmọ̀ pé jọ láti wo eérú fún ìgbà ìkẹyìn, Fákúnlé di apá ọmọ rẹ̀ mú, ó jáde sí wọn.

“Ẹ̀yin olóyè, ẹ̀yin ará ilé,” ó ní, “mo fọ́jú. Ó di ọdún mẹ́fà. Ẹni tó ta eérú yìí kò ríran. Kì í ṣe ìlà.”

Àṣírí tó ti fi pamọ́ fún ọdún mẹ́fà ló tú sílẹ̀ yìí níwájú àwọn tí bàbá rẹ̀ pààlà fún. Mobọ́lájí dìde, ó tún fìlà ṣe bí ẹni tó fẹ́ kọ́ kíláàsì.

“Ọ̀rọ̀ ńlá ni Bàbá sọ. Afọ́jú kì í ta ìlà, a gbà. Gbénga, na téèpù.”

Gbénga wọn igun àkọ́kọ́. Ó wọn èkejì. Nígbà tó dé ẹ̀kẹrin, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. “Kò lé, kò dín, Olóyè. Ìka kan kò yẹ̀.”

“Ẹ ti gbọ́? Ẹ wò ó o! Afọ́jú ta irú èyí? Ojú tí kò ríran ló gún báyìí? Bàbá, bí ẹ bá fẹ́ parọ́, ẹ kọ́kọ́ ta á kó wọ́!”

Ẹ̀rín gba ojúde. Ẹnì kan tilẹ̀ pàtẹ́wọ́. Nígbà náà ni Mobọ́lájí tẹ̀ sí etí rẹ̀, ó rọra ń sọ̀rọ̀, bí ọmọ dáadáa tí ń kí bàbá rẹ̀.

“Àwa náà mọ̀, Bàbá. Ọjọ́ ti pẹ́. Ta lẹ rò pé ó ń lé ewúrẹ́ kúrò lójú ọ̀nà yín? Nítorí pé a mọ̀ la ṣe ránṣẹ́ sí yín.”

Bọ́lánlé já ara rẹ̀ gbà, ó sáré sí eérú náà, ó gbé ẹsẹ̀ sókè. Ọkùnrin méjì dìde láti dì í mú. Ohùn tó dá a dúró kì í ṣe tiwọn.

“Bọ́lánlé! Gbé ẹsẹ̀ rẹ kúrò. Èèwọ̀ ni.”

Ọmọ náà yíjú wo bàbá rẹ̀. Ó rọra gbé ẹsẹ̀ sí ẹ̀yìn ìlà, ó sì bú sẹ́kún. Oòrùn wọ̀. Ìlà di òfin.

Bọ́lánlé kọ ìwé pé kí ìgbìmọ̀ jẹ́ kí àwọn wú egungun ìyá òun lọ sí ibòmíràn. Wọ́n gba ìwé náà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọ́n ní àwọn yóò gbé e yẹ̀ wò ní ìpàdé oṣù tó ń bọ̀. Nígbà tí oṣù náà fi máa wọlé, wọ́n ti gbẹ́ ṣálángá náà tán.

Ọdún kan àti oṣù díẹ̀ ni Fákúnlé lò sí i láyé. Kò kan èèkàn mọ́. Ní gbogbo àárọ̀, yóò jáde, yóò máa ka ẹsẹ̀. Ní orí ìkọkàndínlógún, ọwọ́ rẹ̀ yóò kan ògiri. Yóò dúró níbẹ̀, yóò kí ìyàwó rẹ̀. Àwọn tó gbé kẹ́tùrù omi dání yóò máa tò lẹ́yìn rẹ̀.

“Bàbá, ṣé ẹ máa wọlé ni? Bí ẹ ò bá wọlé, ẹ yà fún wa.”

Yóò yà fún wọn.

Ìlà mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni Fákúnlé ọmọ Ifábùnmi ta láàárín ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta. Kò gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀ lórí ọ̀kankan nínú wọn. Kò sí aládùúgbò méjì tó gbé ara wọn dé kóòtù nítorí ààlà tó ti ọwọ́ rẹ̀ jáde, ilé tí wọ́n sì kọ́ sórí wọn wà níbẹ̀ títí di òní. Àwọn bíríkìlà tó mọṣẹ́ ní Ìlá ṣì máa ń mú ọmọ iṣẹ́ wọn lọ sí ẹ̀yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ojúde náà, kí wọ́n lè fi ojú ara wọn rí igun mẹ́rin tó dọ́gba.