Ẹjọ́ Àgádágodo Ọgbà Efinrin

Òórùn efinrin ló máa ń kọ́kọ́ pàdé èèyàn lẹ́yìn ilé wa ní Peckham, ní London, nígbà ooru, kí ó tó rí ilé gíláàsì kékeré tó wà nínú ọgbà ẹ̀síteètì. Ìyàwó mi ló gbìn ín sínú ìkòkò mọ́kànlá. Ó kú ní oṣù kẹrin, a sì sin ín kíákíá bí ẹ̀sìn wa ti wí, tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ojúlùmọ̀ kò fi gbọ́. Èmi náà kò pè wọ́n. Bí obìnrin tí a ń ra ẹja lọ́wọ́ rẹ̀ ní Rye Lane bá ní, "Daddy, Mummy ńkọ́?" màá ní, "A dúpẹ́," màá sì kọjá.

Ní oṣù keje, àwọn alábòójútó ẹ̀síteètì ti ọgbà pa ní Fúráìdè nítorí iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Wọ́n ní ó di Mọ́ńdè. Oòrùn ọjọ́ kejì mú gan-an. Láti ojú fèrèsé mo rí i tí àwọn ewé náà ń sorí kọ́. Mo tẹ̀ wọ́n láago títí, kò sẹ́ni tó gbé e. Ni mo bá wá ohun tí wọ́n fi ń gé irin, mo gé àgádágodo tí wọ́n fi ti ilẹ̀kùn ọgbà. Ibi tí mo ti ń fa ilẹ̀kùn ni ìdè rẹ̀ kan ti já. Mo bomi rin gbogbo ìkòkò mọ́kànlá náà, kámẹ́rà sì ń wò mí.

Ọlọ́pàá tó pè mí ṣe jẹ́jẹ́. Ó ní kí n gba ìkìlọ̀, kí n fọwọ́ sí i pé mo ṣẹ̀, ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀. Mo kọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fẹ̀sùn kàn mí pé mo ba dúkìá jẹ́.

Agbẹjọ́rò tí mo bá ní kóòtù jẹ́ ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Lewisham. Ohùn Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń sọ Yorùbá. Mo sọ fún un pé èèyàn méjìlá láti àárín ìlú, tí wọ́n ń pè ní jury, ni mo fẹ́ kó gbọ́ ẹjọ́ mi.

"Uncle, jury ò ṣeé ṣe o. Àwọn ẹ̀sùn kan wà tí wọn kì í kúrò níwájú májísíréètì, bíi kéèyàn wakọ̀ láì ní insurance. Àwọn kan, bí ìpànìyàn, Crown Court, ilé ẹjọ́ gíga tó ní jury, nìkan ló ń gbọ́ wọn. Àwọn tó wà láàárín, bí olè jíjà, ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn lè sọ pé jury lòun fẹ́."

"Ibo ni tèmi wà?"

"Àárín. Ṣùgbọ́n tí ohun tẹ́ ẹ bà jẹ́ ò bá tó five thousand pounds, ọ̀dọ̀ májísíréètì náà ló máa parí sí. Tiyín ò tó ọgọ́rùn-ún."

"Kí ni ǹ bá ti bà jẹ́ kó tó pé?"

"Gbogbo fence ẹ̀síteètì yín! Uncle, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má padà lọ fọ́ ìyókù o."

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dùn mí. Mo kàwé, mo mọ̀ pé òfin gbọ́dọ̀ ní òṣùwọ̀n. Síbẹ̀, iye irin ni wọ́n wọ̀n, wọn kò wọn ohun tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Lọ́jọ́ ìgbẹ́jọ́, májísíréètì mẹ́ta ló jókòó, kò sí amòfin kankan nínú wọn. Ìyá àgbà kan tó so awò ojú kọ́rùn ló wà láàárín. Ó bi mí pé kí ló dé tí n kò fi dúró di Mọ́ńdè. Ọ̀rọ̀ gígùn tí mo ti tò sílẹ̀ fò lọ. Mo ní, "Ìyàwó mi ló gbìn wọ́n. Ó ti kú. Kò sí ohun mìíràn tó fi sílẹ̀ tó ṣì ń hù." N kò tíì sọ ọ́ síta rí. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbé kálàmù sílẹ̀, wọ́n ń wò mí.

Wọ́n wọ yàrá lọ, wọ́n sì padà wá sọ pé n kò jẹ̀bi. Wọ́n gbà pé lójú tèmi, ohun ìní mi wà nínú ewu, kò sì lè dúró.

"Uncle, ṣé ẹ rí i?" ni agbẹjọ́rò mi wí níta. "Mẹ́ta náà tó."

Òótọ́ ló sọ. Èmi tó ń wá èèyàn méjìlá, n kò tíì jẹ́ kí ẹnì kan ṣoṣo bá mi kẹ́dùn. Òfin fi ẹjọ́ mi sí àárín àwọn kékeré, mo sì gbà báyìí pé ibẹ̀ ló yẹ ẹ́. Wọ́n fetí sí mi níbẹ̀. Bí mo ṣe sọ̀kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, mo gba Rye Lane kọjá. Ẹlẹ́ja wa gbójú sókè láàárín yìnyín.

"Daddy, Mummy ńkọ́?"

Mo gbé báàgì mi sílẹ̀, mo sì sọ fún un.