Ìyá Mi Kò Lè Gun Àpáta Mọ́

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi bá ìyá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀. Èmi wà ní Jẹ́dà, àwọn wà lábúlé wa, ibi kan ṣoṣo tí nẹ́tíwọ̀kì sì ti ń wọlé lábúlé náà ni orí àpáta tó wà lẹ́yìn ilé ìwé. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀ yóò gun àpáta. Tó bá gùn ún tán, yóò na fóònù sókè, yóò yí síhìn-ín, yóò yí sọ́hùn-ún, títí ilà nẹ́tíwọ̀kì kan tàbí méjì yóò fi yọ lójú fóònù. Ìgbà náà ni yóò tó lè pè, kò sì sí ẹni tó mọ ìgbà tí yóò já.

Ìyá mi kì í fi àkókò ṣòfò lórí àpáta. Ìyá tó kọ́ mi pé n kò gbọdọ̀ kọjá lára àgbà láì kí i, ìyá tó lè kí àlejò láti ẹnu ọ̀nà títí dé ẹ̀yìnkùlé, wọ́n wá gé ìkíni dànù pátápátá. Bí mo bá gbé fóònù tí mo ní, "Ẹ káàsán, Màmá," wọn kò ní dáhùn. Ohun tí n ó gbọ́ ni: "Òrùlé ilé ìdáná ń jò. Àbúrò rẹ ti bí obìnrin. Má jẹ ata jù. Ṣé o ń gbọ́ mi? Ṣé o ń gbọ́—" Ó ti já. Nígbà àkọ́kọ́, inú bí mi. Mo sọ fún ìyàwó mi pé ìyá mi ti di òyìnbó. Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín, ó ní nẹ́tíwọ̀kì ló sọ wọ́n di òyìnbó, kì í ṣe ọkàn wọn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ìtìjú mi wà. Ẹ̀ńjiníà ni mí. Àwa là ń gbé íńtánẹ́ẹ̀tì tó ń sáré lọ sí àwọn abúlé tó wà láàárín àwọn òkè lẹ́yìn Mẹ́kà. A máa ń gbẹ́ ilẹ̀, a ó tẹ́ okùn tín-ín-rín tí wọ́n fi gíláàsì ṣe sínú rẹ̀. Níbi tí òkúta kò bá ti gbà fún wa, a ó gbé àwo sórí òpó, àwo náà yóò máa ju íńtánẹ́ẹ̀tì sí èkejì rẹ̀ tó dojú kọ ọ́ lórí òkè mìíràn. Ní àwọn abúlé kan, ewúrẹ́ pọ̀ ju èèyàn lọ. Èmi tí mò ń gbé íńtánẹ́ẹ̀tì lọ fún ewúrẹ́ ẹlẹ́wúrẹ́, ìyá tó bí mi lọ́mọ ń gun àpáta.

Ní ìgbà òjò kan, ẹsẹ̀ ìyá mi yọ̀ lórí àpáta náà. Eegun kò ṣẹ́, àmọ́ orúnkún wú, kò sì lọ sílẹ̀ bọ̀rọ̀. Wọn kò sọ fún mi. Àbúrò mi obìnrin ló sọ, ó tún bẹ̀ mí pé kí n má sọ pé òun ló sọ ọ́. Dókítà ní wọn kò gbọdọ̀ gun òkè kankan mọ́. Ọkọ̀ tó ń lọ sílùú, níbi tí nẹ́tíwọ̀kì ti dára, máa ń gbọ̀n èèyàn jìgìjìgì, orúnkún náà kò sì lè gbà á. Láti ìgbà náà, iṣẹ́ ni wọ́n ń rán sí mi. Ẹnikẹ́ni tó bá gun àpáta yóò pè mí: "Àlàájà ní ká kí yín. Àlàájà ní ara àwọn ti yá." Àlàájà ni gbogbo abúlé ń pe ìyá mi láti ìgbà tí wọ́n ti wá ṣe Haji lọ́dọ̀ mi.

Oṣù mẹ́ta gbáko, n kò gbọ́ ohùn wọn. Ẹ̀rù wá ń bà mí. Mo mọ ọjọ́ orí ìyá mi, mo sì mọ iye oṣù tó kù kí n tó gba ìsinmi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé ó lè jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ata yẹn ni ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tí màá gbọ́ lẹ́nu wọn.

Ní àkókò yẹn gan-an la parí iṣẹ́ ní abúlé kan lórí òkè. Bàbá arúgbó kan níbẹ̀ gbé kọfí wá fún wa nínú ife kékeré, wọ́n sì fi fóònù wọn pe ọmọ wọn obìnrin tó wà ní Jẹ́dà. Ojú ọmọ náà yọ kedere. Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í kí i. Wọ́n béèrè ara rẹ̀, wọ́n béèrè ọkọ rẹ̀, wọ́n béèrè àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n tún padà síbi ara rẹ̀. Mo mu ife kọfí mẹ́ta kí wọ́n tó kí i tán. Mo jókòó síbẹ̀, ìlara sì ń jẹ mí lọ́kàn, mi ò ní purọ́.

Nígbà tí wọ́n parí, wọ́n yíjú sí mi. Múhándìs ni wọ́n ń pe ẹ̀ńjiníà níbẹ̀. Wọ́n ní, "Múhándìs, ìyá rẹ ńkọ́? Ṣé wọ́n ti ní irú èyí?"

N kò lè parọ́ fún àgbàlagbà. Mo ní rárá, wọn kò tíì ní.

Ife tí wọ́n fẹ́ bu kọfí kún fún mi dúró lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní, "Kí lo wá ń ṣe níbí?"

Inú bí mi gidigidi. Nínú ọkọ̀, mo ń dá sọ̀rọ̀, mo ń sọ ohun tó yẹ kí n ti fi dá wọn lóhùn. Àmọ́ kí a tó dé Al-Sabeel, àdúgbò tí mò ń gbé ní Jẹ́dà, ìbínú náà ti kúrò lọ́rùn bàbá, ó ti wá sọ́rùn èmi fúnra mi. Mo jókòó sídìí tábìlì, mo mú ìwé, mo ya àpáta wa.

Ohun tí mo fẹ́ ṣe kò le. Íńtánẹ́ẹ̀tì tó dára ti wà nílùú tó sún mọ́ wa. Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ lọ sílé ìwé ní ilé alájà méjì síbẹ̀. A ó gbé àwo kan sórí ilé rẹ̀, a ó gbé èkejì sórí àpáta, àwọn méjèèjì yóò dojú kọ ara wọn, ti orí àpáta yóò sì pín in fún gbogbo abúlé. Àwa ọmọ abúlé tó wà lẹ́yìn odi pawọ́ pọ̀, a ra ẹ̀rọ náà, a ra sólà àti bátìrì tí yóò máa fún un níná, a kó wọn ránṣẹ́.

Ẹni tó bá wa tò ó ni tíṣà ìṣirò ilé ìwé wa, obìnrin tó gbọ́n, tí kì í gba gbẹ̀rẹ́. Ó gun àpáta, ó sì fi fóònù sétí, nítorí kò sí ibòmíràn tí mo ti lè bá a sọ̀rọ̀. Èmi ń darí rẹ̀ láti Jẹ́dà.

"Ẹ sún un sápá ọ̀tún díẹ̀."

"Mo ti sún un."

"Ó ti pọ̀ jù! Díẹ̀ ni mo wí! Díẹ̀!"

"Ẹ̀ńjiníà, ẹ má jágbe mọ́ mi. Ọmọ ọgọ́ta ló wà nínú kíláàsì mi, mi ò jágbe mọ́ wọn bẹ́ẹ̀ rí."

Mo tọrọ àforíjì. Lọ́jọ́ kejì, iná kékeré tó wà lára àwo náà tàn, àwo méjèèjì ti rí ara wọn. Tíṣà na fóònù síta kí n lè gbọ́ bí àwọn èèyàn ṣe ń hó. A fi ọjọ́ Jímọ̀ sí pé ìyá mi yóò jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn, wọn yóò sì pè mí láì gbé ẹsẹ̀ kan.

Jímọ̀ pé, n kò rí ìpè. Àwo orí àpáta kò dáhùn mọ́.

Ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi dààmú ara mi. Mo ní kí ọ̀rẹ́ mi gun orí ilé rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Mo ní kí tíṣà wo bátìrì, ó ní ó kún. Mo bú ẹni tó ta àwo náà fún wa, mo bú oòrùn, mo bú afẹ́fẹ́. Nílé, mo ń jágbe mọ́ ẹnikẹ́ni tó bá fi ọwọ́ kan fóònù. Nígbà tó yá, ìyàwó mi kó aṣọ funfun méjèèjì tí mo fi ṣe Haji jáde látinú àpótí, ó kó wọn lé mi lọ́wọ́, ó ní, "Ẹ lọ ṣe Úmúrà ní Mẹ́kà. Ẹ lọ fi orí yín síbi tó tutù."

Ẹni tó bá ti wọ aṣọ yẹn tó sì ti dá aníyàn Úmúrà, kò gbọdọ̀ jà, kò sì gbọdọ̀ bá ẹnikẹ́ni fa ọ̀rọ̀. Mo fi ọkọ̀ mi sílẹ̀ ní Kudai, ibùdókọ̀ kan ní Mẹ́kà, mo ń dúró de bọ́ọ̀sì tó ń gbé èèyàn lọ sí Mọ́sálásí Mímọ́. Bí mo ṣe dúró, mo ní kí n pe tíṣà lẹ́ẹ̀kan sí i.

Mo ní, "Ó dá yín lójú pé kò sí nǹkan kan tó dí àwo náà lójú?"

"Kò sí o. Kò tiẹ̀ sí nǹkan tó lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ tó tàn yẹn la ti kọ́ ilé fún un."

"Ilé wo?"

"Ilé páànù. Páànù lókè, páànù yí i ká. Kódà, a ti fi àgádágodo tì í."

Páànù! Irin! Nǹkan tí ẹ̀rọ náà kò lè ríran kọjá láéláé! Ariwo kan gbéra láti inú mi, ó dé ọ̀nà ọ̀fun. Mo wo aṣọ funfun tó wà lára mi. Mo gbé ariwo náà mì.

Mo fi ohùn jẹ́jẹ́ tí n kò mọ̀ pé mo ní béèrè pé, "Tíṣà, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Ẹ ò béèrè. Rédíò ṣáà ń sọ̀rọ̀ nínú ilé tí wọ́n fi páànù bò, mo rò pé bákan náà ni tirẹ̀."

"Ta ló ní kí ẹ kọ́ ilé fún un?"

Ó ní, "Ìyá yín ni. Páànù tí wọ́n rà láti fi tún òrùlé ilé ìdáná wọn ṣe ni wọ́n kó fún wa. Wọ́n ní kí ilé ìdáná máa jò, ohun tí ọmọ àwọn rán láti ìlú Ànábì kò gbọdọ̀ sùn nínú òjò."

Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà níbẹ̀. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ pa mí, mo rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́, nígbà tó sì pẹ́ díẹ̀, n kò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni mo ṣì ń rín. Ọkùnrin kan tó ń lọ fi omi inú ike kan lé mi lọ́wọ́, ó ń ṣàdúrà fún mi. Ó ṣeé ṣe kó rò pé ìfẹ́ Ọlọ́run ló mú mi tó bẹ́ẹ̀.

Mo sọ fún tíṣà pé kí wọ́n tú ilé náà. Ó ní kí ni kí òun wí fún Àlàájà? Mo ní kó bá mi kí wọn, kó sọ pé àwo náà mọ rírì ilé tí wọ́n kọ́ fún un, àmọ́ ó fẹ́ máa rí ìta, kí wọ́n wá kó páànù wọn padà sórí ilé ìdáná. Bọ́ọ̀sì dé. Mo yí Kábà ká lẹ́ẹ̀méje, àdúrà orúnkún ìyá mi sì ni mo gbà jù.

Ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun Aláásárì, fóònù mi dún. Ìyá mi ló wà lójú rẹ̀, lórí àga nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, pẹ̀lú gèlè àti jígí ojú. Wọ́n ti gbẹ díẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì bí mo ṣe wà.

Ìkíni bẹ̀rẹ̀! Wọ́n kí mi kú ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n kí mi kú iṣẹ́, wọ́n kí mi kú ooru Jẹ́dà. Wọ́n béèrè ìyàwó mi, wọ́n béèrè onílé, wọ́n béèrè ọkùnrin tó ń ṣe búrẹ́dì nísàlẹ̀ ilé wa, bóyá ikọ́ rẹ̀ ti lọ. Ọmọ mi obìnrin, tí a bí sí Jẹ́dà, fi èdè Lárúbáwá dá wọn lóhùn pé ara òun le. Ìyá mi gbà pé àdúrà ni, wọ́n ní, "Àmín, ọmọ mi, àmín." Ìkíni ọdún mọ́kànlá ni wọ́n kó lé mi lórí, mo sì gba gbogbo rẹ̀.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ tán, wọ́n fa àwo ẹ̀gúsí sórí ẹsẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bó o. Wọ́n dákẹ́. Orí wọn wà nílẹ̀, gèlè nìkan ni mò ń rí.

Mo rò pé ó ti já. Mo fò dìde, mo sáré lọ sójú fèrèsé, mo na fóònù sókè. "Màmá! Ṣé ẹ ń gbọ́ mi? Màmá! Ẹ ń gbọ́ mi?"

Wọ́n gbé orí sókè, wọ́n wò mí láti òkè jígí ojú wọn.

"Kí lò ń pariwo sí, ọkọ mi? Mo wà níbí. Ṣé mi ò lè jókòó ti ọmọ mi kí n dákẹ́ ni?"

Mo padà wá jókòó. Mo gbé fóònù ti ife tíì. Èèpo ẹ̀gúsí ń fọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, mò ń gbọ́ ọ ní Jẹ́dà. Àdìẹ kan kọjá lẹ́yìn wọn. Ọmọ mi wá fi orí lé mi lẹ́sẹ̀. Ó lé ní wákàtí kan tí a fi wà bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tó sọ nǹkan kan, n kò sì béèrè mọ́ bóyá wọ́n ń gbọ́ mi.