Ohun Tí A Fi Fọ Agbọ̀n Wàrà

Ní àwọn ọdún tí wọ́n ń fẹ ọ̀nà ńlá tó gba Lẹ́kìí lọ sí Ẹ̀pẹ́, tí eruku rẹ̀ ń wọlé bá wa ní Ajah, ẹ̀yìnkùlé mi ni àbúrò mi obìnrin ti ń ṣe wàrà. Ilé ìtajà kan ní Ìkàtè ló ń gba èyí tó pọ̀ jù. Lọ́jọ́ kan, obìnrin tó ni ibẹ̀ sọ fún un pé ọmọ oníbàárà òun jẹ wàrà náà, inú sì bẹ̀rẹ̀ sí í run ún. Bí ti ọ̀tẹ̀ yìí bá tún ṣe bẹ́ẹ̀, kó má gbé e wá mọ́. Opó ni àbúrò mi, wàrà yẹn ló fi ń jẹun.

Ọmọ mi obìnrin, tó ń ṣiṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò yunifásítì, wá yẹ gbogbo ohun èlò wò. Inú àwọn agbọ̀n kéékèèké tí wàrà ti ń ro omi rẹ̀ dànù ni bakitéríà há sí, níbi tí wọ́n ti hun ún pọ̀. Ó ní àwọn ń dán oògùn ìfọ-nǹkan tuntun kan wò, pé ara fáírọ́ọ̀sì ni wọ́n ti rí i. Àbúrò mi sún sẹ́yìn.

“Wọ́n ní wàrà mi ń da ènìyàn nínú rú, ìwọ tún gbé fáírọ́ọ̀sì wá?”

“Àǹtí, bakitéríà nìkan ni irú èyí ń bá jà. Á wọ inú rẹ̀ lọ bímọ. Tí ilé bá kún, á fi ẹ́ńsáìmù fọ́ ògiri jáde, onílé á sì kú. Ẹ́ńsáìmù yẹn nìkan la mú.”

“Àlejò burúkú,” ni àbúrò mi wí.

Ara mi ti yá gágá. Nígbà tiwa ní yunifásítì, a rí iṣẹ́ fáírọ́ọ̀sì wọ̀nyẹn lójú àwo àyẹ̀wò tí a ti ń sin bakitéríà: ihò róbótó, tó mọ́ kedere, láàárín bakitéríà. Olùkọ́ wa ní ká wò ó, ó sì kọjá lọ. Mo gba iṣẹ́ ọ́fíìsì, n kò rí àwo mọ́. Iṣẹ́ wọn rèé lẹ́yìnkùlé mi.

Àbúrò mi fi ẹ́ńsáìmù náà fọ agbọ̀n. Ọmọ mi yẹ̀ ẹ́ wò, bakitéríà ṣì kún un bámúbámú. Àbúrò mi ti ń wá ẹni tó máa ra firísà tó ń kó wàrà sí, kó lè pa iṣẹ́ náà tì. Mo wá bi í léèrè irú omi tó fi po ẹ́ńsáìmù náà.

“Omi tó ń hó ni, Ẹ̀gbọ́n. Ta ló ń fi omi tútù fọ agbọ̀n wàrà? Ṣé bẹ́ẹ̀ ni màmá wa kọ́ wa ni?”

Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi wúkọ́. Bí funfun ẹyin ni ẹ́ńsáìmù rí, iná kì í bá a lára mu. Ó ti sè é jinná, omi náà ò sì gbóná tó láti pa bakitéríà mọ́ nígbà tó fi dé inú agbọ̀n.

Ó tún fi omi gbígbóná fọ wọ́n. Ó jẹ́ kí wọ́n tutù, ó rẹ wọ́n sínú omi tútù tí a po ẹ́ńsáìmù mọ́, ó sì ṣan wọ́n dáadáa. Títí ọmọ mi fi gbé àwo tó fi yẹ̀ wọ́n wò dé, n kò lè jókòó. Nígbà tó ṣí i, ojú rẹ̀ ń dán bí ẹ̀kọ tútù, kò sí ẹyọ bakitéríà kan níbẹ̀. Òórùn rẹ̀ gbé mi padà sí yàrá àyẹ̀wò ìgbà ọ̀dọ́ mi, ojú mi sì kún fún omi.

Ọmọ mi yẹ wàrà tuntun náà wò pẹ̀lú, ó mọ́. Àbúrò mi wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá, ó gbé e lọ sí Ìkàtè. Lọ́jọ́ kẹta obìnrin tó ni ilé ìtajà náà pè é lórí fóònù, gbogbo wa sì sún mọ́ ọn. Ó ní wàrà ti tán, pé ìgbà wo ni òmíràn ń bọ̀? Èmi àgbàlagbà ni mo kọ́kọ́ fò sókè.