Ẹsẹ̀ Ẹ̀gbọ́n Mi Lórí Afárá Pákó

Bí pákó afárá bá ń dún láàárọ̀ ní Ùgbò, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mo máa ń rántí. Òun ló bá mi gbé oyún tí ara mi kò lè gbé. Lọ́jọ́ tí dókítà fi ọlẹ̀ èmi àti ọkọ mi sínú rẹ̀, mo tẹ́ ẹní fún un, mo gbé àjẹ̀ tó fi ń wa ọkọ̀ pamọ́. Ó rẹ́rìn-ín.

“Dókítà ní kí n máa rìn, kí n ṣáà má ṣe iṣẹ́ agbára. Ìwọ lo fẹ́ sọ mí di aláìsàn.”

Àràárọ̀ ló ń rọra rin afárá. Tó bá dé iwájú ilé mi, á fọwọ́ kan ikùn: “Ilé yín rèé o.”

Ọmọ náà ti ń rìn báyìí. Bó bá ti jí, afárá yẹn ló ń gbà lọ sílé ẹ̀gbọ́n mi. N kì í pè é padà.