Bísíkíìtì Láti Ilé Iṣẹ́ Tí Wọ́n Ti Tì

Nígbà tí Oyèníkẹ́ di oníròyìn ọrọ̀ ajé, ìyá rẹ̀ rò pé báǹkì ló ti ríṣẹ́.

"Mọ́mì, bí búrẹ́dì bá wọ́n, èmi ni mo máa ń wádìí ohun tó fà á."

"Ṣé kò tíì sẹ́ni tó sọ fún ẹ pé ó wọ́n ni?"

Ọmọ Èkìtì ni wọ́n, ṣùgbọ́n Dopemu ni Oyèníkẹ́ dàgbà sí. Ó mọ àwọn ilé iṣẹ́ tó wà láti Agége dé Ìkẹjà bí ẹni mọ ilé ẹbí rẹ̀. Kì í sáré béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Á kọ́kọ́ kí wọn dáadáa, títí ara wọn á fi balẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, ilé iṣẹ́ bísíkíìtì kan ní Ọgbà kéde pé òun ti kógbá sílé nítorí ọ̀wọ́n gógó dísẹ́ẹ̀lì. Oyèníkẹ́ lọ síbẹ̀, ó rí àgádágodo lẹ́nu géètì. Fàúsát, tó ń di bísíkíìtì sínú ọ̀rá níbẹ̀, sunkún fún un pé wọ́n ti dá gbogbo àwọn dúró. Ojú ìwé kìíní ni ìròyìn náà wà.

Kò pẹ́ tí àwọn ará àdúgbò fi ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. "Àǹtí oníròyìn, ilé iṣẹ́ tí ẹ sin ti jí o! Bísíkíìtì ń ta sánsán láràárọ̀."

Ọ̀gá rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Ilésanmí, kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. "Lọ wádìí rẹ̀ lónìí. Bí irọ́ la bá gbé jáde, a máa tọrọ àforíjì, orúkọ rẹ á sì wà níbẹ̀."

Àgádágodo ṣì wà níbẹ̀, ó ti ń dípẹtà. Bísíkíìtì sì ń ta sánsán lóòótọ́. Orí rẹ̀ dàrú. Ó yí ọgbà ilé iṣẹ́ náà po, ó bọ́ sí òpópónà ẹ̀yìn. Àwọn obìnrin kan ń jáde láti ẹnu ilẹ̀kùn kékeré kan. Kò tiẹ̀ ronú, bí wọ́n ṣe tọ́ ọ náà ló ṣe.

"Ẹ kú iṣẹ́ o!"

"Òo, ẹ ṣé o!" ni gbogbo wọn dáhùn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wo ara wọn: wọ́n ti jẹ́wọ́ pé ibi iṣẹ́ ni àwọn ti ń bọ̀. Fàúsát wà láàárín wọn, ìyẹ̀fun funfun lórí ìpéǹpéjú rẹ̀.

"Fàúsát, ṣé o purọ́ fún mi ni?"

"Rárá, Àǹtí. Wọ́n dá wa dúró lóòótọ́. Kọ̀ǹtírátọ̀ kan ló pè wá padà, ó ní òun ló gbà wá síṣẹ́ báyìí. Kò sí ìwé ìgbanisíṣẹ́, kò sí ìsinmi. Ẹni tó bá ṣàìsàn, kó jókòó sílé lọ."

"Nínú ilé iṣẹ́ yìí náà?"

"Ìdí ẹ̀rọ tí mo wà tẹ́lẹ̀ náà ni." Ó di ọwọ́ Oyèníkẹ́ mú. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ ọ́. Tí ẹ bá kọ ọ́, wọ́n á tì í ní àtìpa."

Oyèníkẹ́ pe ọ̀gá rẹ̀ lórí fóònù.

"Ṣé wọ́n ti kógbá sílé?"

"Wọ́n ti kógbá sílé, sà."

"Ṣé wọ́n ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀?"

"Wọ́n ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, sà."

"Oyèníkẹ́, ṣé ara rẹ yá? Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ? Dárúkọ rẹ̀, tàbí ká tọrọ àforíjì."

Ó wo Fàúsát, tó ń fi etí ìborùn nu ojú. "Mi ò ní orúkọ kankan, sà. Ẹ tọrọ àforíjì."

Nígbà tí ìwé ìròyìn jáde, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé Oyèníkẹ́ kò lè fi ẹ̀rí ìròyìn rẹ̀ hàn. Ìyá rẹ̀ kà á lẹ́ẹ̀mejì.

"Ṣé o ṣàṣìṣe ni?"

"Mọ́mì, mi ò mọ̀."

Ó mú báàgì rẹ̀, ó jáde. Ilé iṣẹ́ ọṣẹ kan ní Agége náà ti kéde pé òun kógbá sílé. Kò yà sí ẹnu géètì wọn rárá, ẹ̀yìn ló gbà lọ.